Píkọ́ọ̀pù Tí Yóò Fa Ọkọ̀ Ìjì

Agẹrun kan wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìjì. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí irun o. Ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ lè sùn, kó lá àlá, kó sì jí, kí Ìjì má tíì dé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ibòmíràn ni orúkọ yẹn ti wá. Ó ní ọkọ̀ ìje kan, ọkọ̀ pẹlẹbẹ aláwọ̀ pupa tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀ láti ara àwọn ọkọ̀ tó ti kú. Ọkọ̀ yìí ló máa ń gbé lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ kan tí ọkọ̀ òfuurufú kankan kì í balẹ̀ sí mọ́. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn àgbààgbà tó yẹ kí ojú wọn ti là, ti máa ń sáré yípo lọ́jọ́ ìsinmi. Kò sí ẹ̀bùn gidi kan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣáájú á gba ife onípáànù, á sì fi yangàn títí á fi sú gbogbo èèyàn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ agbára nínú ilé náà. Fọ́kánáísà ni. Ìkángun òpópónà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, tí táyà tò gègèrè síwájú rẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sì ń pariwo láti àárọ̀. Ìyá Onítáyà ni àwọn awakọ̀ ń pè é; ọkọ rẹ̀ gé e kúrú sí Onítáyà. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni wọ́n ti pàdé nígbà èwe wọn. Ìjì gbé táyà tó jò wá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ tán, kò lọ. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì láìgbé nǹkankan lọ́wọ́.

"Ṣé táyà yín tún ń jò ni?" Onítáyà bi í nígbà náà.

"Rárá o," ni Ìjì wí, "ọkàn mi ló ń jò."

Onítáyà rẹ́rìn-ín títí irin tó mú lọ́wọ́ fi já bọ́. Ohun tó sì gbé e dé ilé ọkọ nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ Ìjì kan tó jẹ́ kápẹ́ńtà ló máa ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ bá a fa ọkọ̀ ìje náà dé pápá, nítorí ọkọ̀ náà ò ní iná, kò ní nọ́ńbà, ọlọ́pàá ò sì ní gbà kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lójú títì. Ṣùgbọ́n kápẹ́ńtà dàgbà, ó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn, ó sì wa píkọ́ọ̀pù lọ. Ọkọ̀ ìje wá jókòó sẹ́yìn ilé lórí tìrélà kékeré rẹ̀, ó fi tápólì bora bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Nígbà tí àkókò eré ku díẹ̀, Ìjì yọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó lórí táyà kan, ó ní:

"Onítáyà, bá mi lọ wo ọkọ̀. Mo fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù àlòkù."

Ẹnu ya obìnrin náà. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ ra nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo sára ọkọ̀ yẹn, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dá sí i, òun náà ló wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun jáde yìí.

"Èmi?" ni Onítáyà bi í.

"Ìwọ kẹ̀. Ṣé o ò mọ ọkọ̀ ni?"

Kò sọ fún un pé inú òun dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá pé, ó wọ blúùsì rẹ̀ tó dára, èyí tí kì í jẹ́ kí epo ọkọ̀ kan, ó sì pa irun rẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan kú.

Ọgbà oníṣòwò ọkọ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ọkùnrin náà sanra, ó wọ bàtà funfun tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, ẹnu rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ó mú wọn lọ sídìí píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé kan tó ń dán gbinrin.

"Ẹ wo èyí. Ìyá arúgbó kan ló lò ó. Ilé ìsìn nìkan ló fi ń lọ."

"Arúgbó wo ló ń fi píkọ́ọ̀pù lọ sílé ìsìn?" Onítáyà bi í.

"Arúgbó tó lágbára ni, mà."

Ìjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ náà po. Ó gbé ọwọ́ lé e lára, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lára. Ó ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ó tẹ́tí sí i. Ó mi orí. "Ohùn rẹ̀ dáa," ló wí.

Onítáyà ní tirẹ̀ kó blúùsì rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ìkọ́ tí tìrélà máa kọ́ mọ́, ara bọ́ńpà ni wọ́n jó o mọ́, kò tilẹ̀ kan ṣáásì, irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, rárá. Ṣáásì náà ti dípẹtà, wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún mọ́lẹ̀ bí àgbà tó ń sá fún irun funfun. Ó fi orí kọ́kọ́rọ́ gún un díẹ̀, irin náà sì wọlé mùjẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wo abẹ́ ibí."

Ìjì wá, ó lóṣòó, ó na ọrùn. Ó wo ibì kan tó yàtọ̀ sí ibi tí ìka ìyàwó rẹ̀ wà. "Mo rí i," ló wí. "Ìyẹn ò le. Ó ṣeé ṣe."

Onítáyà wò ó tìyanu-tìyanu. Bó bá so ọkọ̀ ìje mọ́ nǹkan yìí, tó bá kan òkè, bọ́ńpà á já, tìrélà á sì máa padà sẹ́yìn lọ bá àwọn tó ń bọ̀. Ọmọdé tó ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù òun rí á mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"A ò rà á," ló sọ fún oníṣòwò.

Ohun tó tún wá yà á lẹ́nu jù ni pé ọkọ rẹ̀ ò jà. Ó kàn tẹ̀ lé e jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wò ó kiri. Wọ́n rí ọ̀kan tó ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ látàná, wọ́n rí ọ̀kan tí jíà rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sínú òjò, wọ́n tún rí ọ̀kan tí olówó rẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Níbi gbogbo, Ìjì á fọwọ́ nu ọkọ̀, á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á ní ó dáa. Onítáyà ló ń wọ abẹ́ ọkọ̀, òun ló ń ní kò dáa. Nígbà tó yá, ó ń ṣe é bí ẹni pé òun ló fẹ́ lọ sáré ìje.

Nǹkan ò sì lọ déédéé ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun lásìkò yẹn. Ìjì ti gé etí tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ látìgbà pípẹ́, tíṣà sì fi aṣọ ìnujú di etí lọ sílé láìdágbére. Ọkùnrin mìíràn dé ilé, ìyàwó rẹ̀ sì fi hàn án pé irun ìbàtí rẹ̀ kan, ti ẹ̀gbẹ́ etí, ṣì wà níbẹ̀ ní odindi. Onítáyà gbọ́, ó sì bínú sí ọkọ rẹ̀ pé ọkọ̀ ìje ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀, tí kò jẹ́ kó lè jókòó ti iṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ opó kan ni wọ́n ti wá rí ọkọ̀ gidi. Ọkọ opó yìí ń sin oyin nígbà ayé rẹ̀, píkọ́ọ̀pù náà ló fi ń kó àwọn àpótí oyin rẹ̀ láti oko kan dé èkejì. Ìda ṣì lẹ̀ gbagidi mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, tí oòrùn bá sì pa á, òórùn dídùn á máa tú jáde lára rẹ̀. Onítáyà tẹ́ páálí sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó fi ara wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ṣáásì gún régé, kò síbi tí wọ́n ti jó nǹkan mọ́ ọn. Irin tó nípọn ni ìkọ́ rẹ̀, bọ́òtù ńláńlá ló sì mú un mọ́ ṣáásì lọ́tùn-ún lósì. Epo ò kán sílẹ̀ níbì kankan. Nígbà tó máa fi jáde, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, èyí ni o."

"Ọkọ mi ò fi sáré rí," ni opó náà, Màmá Olóyin, wí. "Bó bá sáré, oyin á bínú."

"Àwa náà ò ní fi sáré, mà," Ìjì dá a lóhùn. "Eléyìí tí yóò máa fà lẹ́yìn ló ń sáré. Ẹ jẹ́ ká wà á wò."

Ìyá náà na kọ́kọ́rọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ìjì dúró, ó ń wo iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ìyá náà wà lófuurufú títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti gbogbo wọn.

"Ẹ gbà á, sà," ni Màmá Olóyin wí.

Ìjì ta gìrì. "Ẹ má bínú, mà. Ọkàn mi ti lọ sórí ọkọ̀ yìí."

Wọ́n wà á jáde. Ọ̀nà náà tẹ́jú, kò sí èrò, oòrùn wà lẹ́yìn wọn. Ẹ́ńjìnnì ń dún wọ̀ọ́, jíà ń wọlé wẹ́rẹ́. Inú Ìjì dùn, ó ń fi ìka lu ìdarí ọkọ̀. Onítáyà tó jókòó lápá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rí ọkùnrin kan lókèèrè lórí kẹ̀kẹ́, tó di àpò èédú sẹ́yìn. Wọ́n ń sún mọ́ ọn. Ó dúró de ọkọ rẹ̀ kó yà. Kò yà. Wọ́n tún sún mọ́ ọn sí i.

"Bàbá!"

"Kí ló dé?"

"Kẹ̀kẹ́! Kẹ̀kẹ́ wà níwájú!"

Òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ gbá ìdarí mú tó wọ́ ọ sí òdìkejì. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gba àpò èédú, ọkùnrin náà ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ wọ inú koríko, èédú fọ́n káàkiri. Ìjì tẹ bíréèkì. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ dìde, kò ṣeṣe, ó sì bú wọn dáadáa, bó ṣe yẹ kó bú wọn. Onítáyà sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó bá a ṣa èédú. Blúùsì rẹ̀ dúdú kirimú. Nígbà tó padà wọlé, ọkọ rẹ̀ ṣì di ìdarí mú.

"Ibo ló ti yọ?" ni Ìjì bi í. "Kò síbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ó ti wà níwájú wa láti ibi kọ́nà."

"Kò síbẹ̀, Onítáyà."

Ó gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọkọ rẹ̀. Ó na ìka sókè, ó ká wọn, ó tún nà wọ́n. Ọkùnrin náà kò ṣẹ́jú. Ó wá sún ọwọ́ náà síwájú díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú imú rẹ̀ kí ojú Ìjì tó mú un.

Onítáyà gbé ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

Ìjì yọ ọwọ́ kúrò lórí ìdarí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ó ti lọ rí dókítà ojú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ní àrùn kan ló ń jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa kán sójú, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún un pé ohun tó ti lọ ti lọ, oògùn ò lè dá a padà; ó kàn lè bá wọn bẹ ìyókù ni, kó rọra máa lọ.

"Ó dà bí ẹni ń wo ayé láti inú páìpù," ni Ìjì wí. "Àárín ṣì wà. Mo rí ẹ tí mo bá wò ẹ́ tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ni kò sí."

"Etí tíṣà ńkọ́?"

"Mo sọ pé òun ló mi orí. Irọ́ ni mo pa."

Ìgbà yẹn ló tó yé Onítáyà. Ó wo blúùsì rẹ̀ tó ti bà jẹ́. "Ìdí tẹ́ ẹ ṣe ní kí n tẹ̀ lé yín nìyẹn. Torí kí n lè bá yín wo abẹ́ ọkọ̀."

"Ta ni mo tún ní?" ọkùnrin náà dáhùn.

Onítáyà fẹ́ bú u. Ó fẹ́ gbá a létí. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Kò ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó ní kó sún kúrò nídìí ìdarí, ó sì wa ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ opó. Lójú ọ̀nà ni ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Onítáyà, jẹ́ ká ra ọkọ̀ yìí. Mi ò ní bá wọn díje mọ́. Mo kàn fẹ́ gbé e débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí àwọn yòókù tó dé, màá wà á yípo lẹ́ẹ̀kan péré, èmi nìkan, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó tán."

"Ẹ ò rí nǹkan, bàbá."

"Kò sẹ́ni tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ ṣe?"

Onítáyà sọ fún ara rẹ̀ pé òun á lo píkọ́ọ̀pù náà fún kíkó táyà. Ó sọ ọ́ fún Màmá Olóyin náà nígbà tí wọ́n ń sanwó, láìjẹ́ pé ìyá náà bi í. Ìyá náà gbé ọwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n lò ó pẹ́, ó sì yára wọlé lọ kí wọ́n má baà rí ojú òun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni wọ́n so tìrélà kékeré mọ́ píkọ́ọ̀pù. Onítáyà ló wà á. Ó ti pinnu pé àwọn máa tètè dé, Ìjì á wa ìyípo kan tirẹ̀, wọ́n á sì ti kúrò níbẹ̀ kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé, gbogbo wọn ti dé. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Aláfèrè, tó máa ń dá eré sílẹ̀ nítorí pé orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó lè sáré mọ́, tiro wá dì mọ́ Ìjì.

"Ìjì! A ní o ti kú!"

"Kí n kú kẹ̀, ta ni yóò wá máa nà yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ara wọn lẹ́yìn. Onítáyà rí bí ojú ọkọ rẹ̀ ṣe tàn, bó ṣe na èjìká rẹ̀. Àánú ṣe é, ó sì ṣe àṣìṣe tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀: ó lọ ra omi fún un. Ìgbà tó fi máa padà, Ìjì ti dé àṣíborí, ó ti wà nínú ọkọ̀ pupa, ọkọ̀ pupa sì ti wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọkọ̀ kan wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ọkọ̀ kan wà lósì, gbogbo ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù.

Omi tó gbé lọ́wọ́ dà sí i lára, kò mọ̀. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Bó bá dákẹ́, ọkọ rẹ̀ á ní ohun tó ń fẹ́. Bó bá dákẹ́, ọkọ rẹ̀ lè pa ara rẹ̀, tàbí kó pa ọmọ ẹlòmíràn. Aláfèrè ti gbé fèrè sẹ́nu. Onítáyà sáré lọ bá a, ó gbá a lọ́wọ́ mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró. Kò ríran."

"Ta ni kò ríran?"

"Ọkọ mi. Ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ti kú. Ẹ má jẹ́ kó lọ."

Aláfèrè wò ó, ó tún wo ọkọ̀ pupa. Ó ju ọwọ́ sókè pé kí gbogbo wọn pa ẹ́ńjìnnì. Pápá náà dákẹ́ lọ gbári. Ó tiro lọ síbi tí Ìjì wà, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ferese rẹ̀, díẹ̀ sẹ́yìn.

"Ìjì, ọ̀rẹ́ mi, má wẹ̀yìn o. Máa wo iwájú. Àsíá wo ni mo gbé lọ́wọ́ yìí?"

Ìjì di ìdarí mú. Ó gbìyànjú láti fi ojú wá a láìyí orí. Gbogbo èèyàn ń wò ó.

"Ewé," ló wí. "Àsíá aláwọ̀ ewé."

Aláfèrè pa ojú dé, ó tún là á.

"Mi ò gbé nǹkankan lọ́wọ́, Ìjì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kó sàn ju báyìí lọ ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìjì bọ́ àṣíborí rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sórí ìjókòó, ó sì jáde. Ó fẹ́ lọ sídìí píkọ́ọ̀pù, ó gba ibòmíràn lọ, ó ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, ó sì ń lọ sínú pápá tó ṣófo. Onítáyà sáré bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"O ì bá dúró kí n yí ẹyọ kan," ló wí. "Ẹyọ kan péré, Onítáyà."

"Wọ́n pọ̀ lórí ìlà, bàbá."

"O ì bá dúró."

Láti ọjọ́ yẹn, Ìjì kò bá a jà, kò bú u, kò sì kọ oúnjẹ rẹ̀. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ó di ọmọlúàbí sí i bí àlejò. "O ṣeun." "Má ṣe ìyọnu." Tó bá fẹ́ wá nǹkan nínú ilé, á fọwọ́ tẹ̀ lé ògiri kiri títí á fi rí i, kò ní bi í léèrè. Ó ti ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun pa kí àkókò òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kò sóhun tí ẹni tí kò rí etí ń fi abẹ ṣe. Ó jókòó sẹ́yìn ilé nídìí ọkọ̀ pupa, ó máa ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á tẹ́tí sí i títí ará ilé kejì á fi pariwo, á sì wá pa á. Onítáyà lo píkọ́ọ̀pù fún kíkó táyà lóòótọ́. Ó lò ó títí òórùn rọ́bà fi bo òórùn ìda mọ́lẹ̀. Nígbà míì, bó bá wà nínú rẹ̀ lóun nìkan, ó máa ń bi ara rẹ̀ bóyá ẹyọ kan ì bá tiẹ̀ ti ṣe é ní nǹkan. Kò rí ìdáhùn kan tó mú kó lè sùn.

Ìjì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ta ọkọ̀ ìje náà. Ó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, bí ẹni ń bèèrè iyọ̀. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó ń gbé ní ìlú orí òkè ló rà á, wọ́n sì ní àwọn á bá a gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Onítáyà rò pé ọkọ òun ò ní fẹ́ bá òun lọ, ṣùgbọ́n ó ti wọ bàtà kó tó sọ̀rọ̀.

Òkè náà ga, ó sì gùn. Ọkọ̀ tó kéré á fi jíà kìíní wọ́ ara rẹ̀ gùn ún. Píkọ́ọ̀pù náà kàn ń gùn ún lọ ni, ọkọ̀ pupa lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò tilẹ̀ yí ohùn padà. Ìjì ń tẹ́tí sí i. Ó ti yọjú sí ferese tí kò rí ohun tó wà níta rẹ̀ dáadáa.

"O yan ọkọ̀ yìí dáadáa," ló wí.

Onítáyà di ìdarí mú, ó ń wo ọ̀nà.

Olùkọ́ náà gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí ọkọ̀ náà ṣe rí: pé kó má fipá mú jíà kejì, pé táyà ẹ̀yìn máa ń fẹ́ yọ̀ bí ilẹ̀ bá tutù, pé ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ wúkọ́ láàárọ̀, kó má bẹ̀rù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọ́ díẹ̀, ó mi orí, ó mi orí, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ọkọ̀ náà po pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń fi fóònù ya fọ́tò. Ìjì ń sọ̀rọ̀ lọ síbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti dúró tẹ́lẹ̀. Onítáyà jẹ́ kó sọ gbólóhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n fa tìrélà kékeré bọ̀ wálé lófìfo, ó ń fò sókè, ó ń ró gbàgà-gbàgà nínú gbogbo kòtò, débi pé kò ṣeé ṣe fún ẹnikẹ́ni láti sọ̀rọ̀, wọ́n sì fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n délé. Onítáyà ní láti fi ẹ̀yìn rin tìrélà náà wọ ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé wọn àti ògiri ará ilé kejì. Ọkọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó dúró sẹ́yìn. Onítáyà yọ orí síta, ó ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì sọ ọ́ kó tó ronú.

"Bàbá, ṣé mo ti fẹ́ kan ògiri?"

Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ sún ẹsẹ̀, tó nawọ́ sínú afẹ́fẹ́, tó sì dúró.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

Onítáyà pa ẹ́ńjìnnì, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó fúnra rẹ̀.